Ẹ má tíì fà á jáde

Ọkọ̀ méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu ara wọn. Èéfín funfun ń rú níwájú ọ̀kan, ẹnì kan sì wà nínú rẹ̀ tó gbé orí lé síárìn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, èrò ti pé. Gbogbo wa la mọ ohun tí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé máa pariwo: "Ẹ fà á jáde o! Ọkọ̀ yìí fẹ́ gbiná!" Ẹnì kan á di apá mú, èkejì á di ẹsẹ̀ mú, ẹ̀kẹta ti sáré lọ wá omi tútù. Àánú ló ń ṣe gbogbo wọn. Àmọ́ àánú yìí gan-an ló lè sọ ẹni tí ì bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé di ẹni tí kò ní í dìde mọ́. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí, kò kàn mọ̀ pé ẹ̀gún ni.

Fíìmù ló kọ́ wa. Nínú fíìmù, ọkọ̀ kì í gbókìtì tán kó má bú gbàmù. Lójú títì gidi, kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹntiróòlù tó wà nínú táǹkì, oru rẹ̀ ló ń gbiná, oru náà sì gbọ́dọ̀ pàdé afẹ́fẹ́ níwọ̀n tó yẹ kí iná tó lè mú un. Nínú táǹkì tí a dé pa, oru epo máa ń pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, iná ò ráyè. N kò sọ pé ọkọ̀ kì í jó lẹ́yìn ìjàm̀bá. Ó ń jó, àmọ́ ìwọ̀nba ni nínú gbogbo èyí tó ń forí sọ ara wọn. Èyí tó bá sì máa jó, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni iná ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, tí á máa ràn bọ̀. Ẹ ó rí ọwọ́ iná fúnra yín.

Èéfín funfun yẹn ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, omi gbígbóná inú rádíétọ̀ tó bẹ́ ló ń rú. Àwọn mìíràn á rí eruku tó kún inú ọkọ̀, tó ń rùn bíi pé nǹkan jóná, wọ́n á ní iná ti wọlé. Eruku àpò afẹ́fẹ́ ni, àpò tó máa ń wú jáde lójijì láti inú síárìn bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan. Ó lè mú èèyàn húkọ́, àmọ́ iná kọ́.

Ọrùn ni ká sọ̀rọ̀ rẹ̀. Eegun 7 ló to ara wọn léra níbẹ̀, okùn rírọ̀ kan sì gba àárín wọn kọjá, tí kò nípọn tó ìka ọwọ́ tó kéré jù. Òun ni ọpọlọ fi ń rán apá àti ẹsẹ̀ níṣẹ́. Òun náà ló ń gbé iṣẹ́ èémí. Bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, orí á fì síwájú, á fì sẹ́yìn, eegun kan lè ṣẹ́ tàbí kó yẹ̀ nígbà tí nǹkan kan ò tíì ṣe okùn náà. Ẹni yẹn ṣì ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni àwa aláàánú dé, a wọ́ ọ lápá gba ojú fèrèsé, orí rẹ̀ ń fì dirodiro, eegun tó ṣẹ́ sì ge okùn. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí dókítà tó mọ bí a ṣe ń so okùn yìí pa dà tó bá ti já. Ẹ kò sì lè fojú wo ọrùn kí ẹ mọ̀ pé ó ti ṣẹ́.

Kí wá ni iṣẹ́ awakọ̀? Kó dúró. Àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà ojú pópó tí wọ́n ṣe ní Vienna lọ́dún 1968 pa á láṣẹ pé kí awakọ̀ tí ìjàm̀bá kàn dúró, kó má sì jẹ́ kí ibẹ̀ di ewu fún ẹlòmíràn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ bá èkejì pa tirẹ̀ náà, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ sì gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn jìnnà bí kò bá ní fi ẹ̀mí yín wewu. Ọkọ̀ kẹta tó ń bọ̀ wá kó ogunlọ́gọ̀ tó ń wòran, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju iná lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì; 112 ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù alágbèéká ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ẹni tó ń ké, ó ń mí. Ẹni tó dákẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Ẹ dúró ní ọ̀ọ́kán rẹ̀ kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀, torí bí ẹ bá pè é láti ẹ̀gbẹ́, á yí ọrùn wò yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá orí rẹ̀ mú lẹ́bàá etí, bí ẹ ṣe bá a ni kí ẹ dì í mú, ẹ má tọ́ ọ. Apá á ro yín. Á dà bíi pé ẹ kò ṣe nǹkan kan, èrò á sì máa bú yín pé ẹ̀ ń wò ó níran. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú, kí ẹlòmíràn fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, kó má máa ṣí i wò. Irin tàbí dígí tó bá gún un, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́.

Omi tútù yẹn, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni omi lè gbà lọ. Ẹni tó sì mọ̀, bí wọ́n bá máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, inú òfìfo ló dára jù.

Ìgbà kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fà á: bí ẹ bá rí ọwọ́ iná, bí omi bá ń bo ọkọ̀, tàbí bí kò bá mí mọ́. Ẹni tó ti kú ò nílò ọrùn. Ẹ gbá aṣọ rẹ̀ mú ní èjìká, kí apá yín méjèèjì gbé orí rẹ̀ dúró, ẹ fà á gbọọrọ, ẹ má lọ́ ọ. Bí kò bá mí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì máa tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ léraléra, bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Akoto orí alùpùpù náà, ẹ fi í síbẹ̀ àfi tí kò bá jẹ́ kó rí èémí mí. Bí wáyà iná bá já lé ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án; ẹni tó wà nínú rẹ̀ kó jókòó jẹ́ẹ́ títí wọ́n á fi pa iná náà.

Ẹ̀yin awakọ̀ fúnra yín wá ńkọ́, tí ẹ ń sọ pé "kò sóhun tó ṣe mí"? Ìpayà ló ń bo ìrora mọ́lẹ̀. Ó lè tó wákàtí mélòó kan kó tó fojú hàn. Bí ó bá di alẹ́ tí orí ń fọ́ yín sí i, tí ẹ ń bì, tàbí tí ikùn le gbandi níbi tí bẹ́líìtì ti fún yín, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì.