Bí Mo Ṣe Gbà Á Ni Mo Ṣe Fi Ránṣẹ́

Mi ò tíì fọnu lówùúrọ̀ yìí tí ímeèlì kan fi wọlé. Inú ti ń bí mi láti ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta.

Ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ nìyí: Fwd: Fwd: Fwd: OWÓ ÌRÀNWỌ́ ÌJỌBA, Ẹ MÁ DÁ A JẸ. Mo ṣí i. Mo fi àtàǹpàkò fà á, mo fà á, àdírẹ́sì ènìyàn ni mò ń rí, mi ò tíì dé ibi ọ̀rọ̀. Mo kà wọ́n: 107. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, ààfáà wà níbẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì wà níbẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tí mo mọ̀ pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló bá a ṣí ímeèlì náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn tò sílẹ̀ gbalaja bí aṣọ tí wọ́n sá síta. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni líǹkì wà, pé kí a tẹ̀ ẹ́, kí a kọ orúkọ wa, nọ́ńbà fóònù wa àti BVN wa síbẹ̀ kó tó di aago méjìlá òru. Ẹni tó fi ránṣẹ́ wá fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn: "Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́ o."

Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo bá ń jà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti kọ ọ́ gbà pé òun ti fọ ọwọ́ òun mọ́, ohunkóhun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kò kan òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé abọ́ oúnjẹ fún ọ ní títì, tí o kò bèèrè ẹni tó sè é, tí o kò tọ́ ọ wò, tí o wá gbé e fún ọmọ aládùúgbò rẹ, ṣé wàá dúró níwájú ìyá ọmọ náà pé bí o ṣe gbà á lo ṣe gbé e? Ọmọ yẹn kò mọ ẹni tó sè é. Ìwọ ni ọmọ náà mọ̀. Torí pé ọwọ́ rẹ ló ti wá ló ṣe jẹ ẹ́.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí tó báyìí. Àwọn tó sún mọ́ mi mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, mi ò sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé wa fọ́n káàkiri. A wà ní Ìbàdàn, a wà ní Èkó, a wà ní Òṣogbo, akápò wa wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó so gbogbo wa pọ̀ ni akọ̀wé wa. Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé la máa ń pè wọ́n, torí wọ́n ti fẹ́ẹ̀ jáde kí àwa tó wọlé. Olùkọ́ ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá bímọ, tí òbí ẹnikẹ́ni bá kú, tí òrùlé yàrá ìkàwé bá ń jò, lẹ́tà wọn la ó kọ́kọ́ rí. Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mo ti jókòó tì wọ́n rí. Wọ́n á wá A tàbí B kiri lójú ibi ìtẹ̀wé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbójú sókè wò ó bóyá ó ti wọlé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó kàn. Lẹ́tà ìkíni ọdún tuntun lè gbà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan gbáko.

Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọn kì í fi í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣí, wọ́n á tẹ "Forward", wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tuntun sókè rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà wọn ló wá ní ìrù, ìrù náà sì ń gùn sí i lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tó bìkítà. Ta ló ń ka ìsàlẹ̀?

Ìyá ọ̀kan nínú wa kú, a ń dáwó ìsìnkú. Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé fọ́wọ́ọ̀dù ètò ìsìnkú sí gbogbo wa. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí olóògbé náà pẹ̀lú, sí alásè, sí àwọn tó ń yáni ní àga àti àgọ́. Àwọn yẹn náà fọ́wọ́ọ̀dù rẹ̀ síbi tó wù wọ́n. Ìrù lẹ́tà yẹn ni mo wá padà fà wò, lẹ́yìn tí ọwọ́ ti tẹ eérú. Ohun gbogbo ló wà níbẹ̀: nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́, iye tí oníkálukú san, orúkọ àwọn tí kò tíì san, nọ́ńbà fóònù wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibì kan tún wà tí akápò ti kọ ọ́ pé òun ń rìnrìn àjò, pé fóònù òun kò ní lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ilé wa la ṣí sílẹ̀ yẹn, a tún kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé bàálé kò sí nílé.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́tà kan wọlé lórúkọ akápò. Ó ní báǹkì ti dá àkáǹtì ẹgbẹ́ dúró fún àyẹ̀wò, kí a san owó sí òmíràn. Kì í ṣe gbogbo wa ló rí i gbà. Àwọn tí kò tíì san nìkan ni. Ó pe olóògbé lórúkọ, ó sì mọ iye tó kù lọ́rùn ẹni kọ̀ọ̀kan.

Àǹtí mi kan wà nínú wọn. Ọ̀gá mi ni wọ́n ní ilé-ìwé. Àwọn ló gbà mí sábẹ́ nígbà tí mo dé inú bọ́dìn, tí mò ń sunkún ilé. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Òṣogbo ni wọ́n ń gbé. Àwọn méjì mìíràn ti kó owó tiwọn fún wọn lówọ́ pé kí wọ́n bá àwọn fi ránṣẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Wọ́n pe akápò kí wọ́n tó san, wọn kò ya ọ̀lẹ. Fóònù kò lọ, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ti sọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Wọ́n fi owó náà ránṣẹ́.

Mo wà lọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé fóònù fún mi pé kí n wò ó. Orúkọ akápò ni mo rí. Mo gbé e súnmọ́ ojú, orúkọ akápò náà ni. Ìgbà tí mo wá sọ lẹ́tà ojú fóònù di ńlá ni mo tó rí i: lẹ́tà "m" tó yẹ kó wà nínú àdírẹ́sì náà kì í ṣe "m". "r" ni, wọ́n wá fi "n" tì í. Lójú fóònù kékeré, ẹni ogún ọdún kò ní yà wọ́n sọ́tọ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ ẹni tó ń lo awò. Wọ́n ti lọ sí báǹkì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Owó ti lọ. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n fi san ti àwọn méjì yẹn padà, wọn kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún akápò: "Orúkọ yín ni mo rí. Mo rò pé ẹ̀yin ni."

Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ́kàn. Orúkọ ẹni tí a fọkàn tán ni àwọn olè yìí ń wá kiri, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi í jẹun. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ímeèlì kan tàn ká ayé láti orílẹ̀-èdè Philippines. ILOVEYOU ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Fáìlì tí wọ́n so mọ́ ọn ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Windows máa ń fi ìrù orúkọ fáìlì pamọ́, nítorí náà ojú kò rí ju TXT lọ, bí ìwé lásán. Èyí tó fara pamọ́ lẹ́yìn, vbs, tó túmọ̀ sí pé àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa ṣe ló wà nínú fáìlì náà, ni oró ibẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i, kòkòrò kọ̀ǹpútà (fáírọ́ọ̀sì) tó wà nínú rẹ̀ á wọ inú ìwé àdírẹ́sì rẹ̀ nínú Outlook, ètò tí wọ́n fi ń ka ímeèlì, á fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lórúkọ onítọ̀hún, á sì kọ ara rẹ̀ bo àwọn fọ́tò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọdún tó ṣáájú, 1999, ni kòkòrò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Melissa ti ṣe irú rẹ̀; ẹni 50 àkọ́kọ́ nínú ìwé àdírẹ́sì ni òun ń lọ bá. Ìyàwó ń gbà á lọ́wọ́ ọkọ, òṣìṣẹ́ ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá. Ta ni kò ní ṣí i?

Ká tilẹ̀ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ṣé a ti gbàgbé oṣù Kẹjọ ọdún 2014 ni, ìgbà Ebola? Òru ni fóònù ń dún. Ẹ tètè fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn. Ìyá mi kan ilẹ̀kùn mi pé kí n dìde. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi léde lóṣù yẹn pé ó kéré tán ènìyàn méjì ló ti kú ní Nàìjíríà látàrí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ tó kórìíra ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi rán ikú sílé ẹni ẹlẹ́ni.

WhatsApp tilẹ̀ ti gbìyànjú díẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019, o kò lè fọ́wọ́ọ̀dù ọ̀rọ̀ kan sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 wọ́n tún fún un pọ̀, èyí tó bá ti rìn jìnnà kò lè lọ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ímeèlì kò ní irú ìjánu bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tìrẹ nìkan ni ìjánu rẹ̀ wà.

Àwọn kan á ní tí mi ò bá fẹ́ ẹ kí n pa á rẹ́, kí n yéé pariwo. Mo ti gbọ́ ìyẹn títí. Èyí tí mo pa rẹ́ nínú tèmi ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni 106 yòókù, àdírẹ́sì mi sì wà nínú ẹ̀. Tí kòkòrò bá wọ fóònù ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, orúkọ gbogbo wa ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Gé ìrù lẹ́tà dànù kó o tó fi ránṣẹ́. Kà á dé ìsàlẹ̀ kó o mọ ohun tó wà níbẹ̀. Tí ènìyàn bá pọ̀, fi àdírẹ́sì tìrẹ sí ojú To, kó o kó àwọn yòókù sí Bcc, kò sẹ́ni tó máa rí ẹnì kejì rẹ̀. Tí lẹ́tà bá dárúkọ owó tàbí àkáǹtì tuntun, pe ẹni náà lórí nọ́ńbà tí o ti ní tẹ́lẹ̀, tí fóònù rẹ̀ kò bá lọ, dúró dìgbà tó máa lọ. Òkú kò ní bínú pé owó àwẹ̀jẹ pẹ́. Fáìlì tí o kò retí, má ṣí i, kódà kó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ ló fi ránṣẹ́. Èyí tó bá sì ní kó o tètè fi í ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá, ọ̀dọ̀ rẹ ni kó kú sí.

Ibì kan kù nínú ìtàn yìí, ibẹ̀ gan-an ló ń dí mi lọ́wọ́ láti fèsì fún ẹni òwúrọ̀ yìí.

Nígbà tí mo ti Òṣogbo dé lọ́jọ́ náà, mo kọ̀wé sí Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé. Inú ìbínú ni mo ti kọ ọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ni mo sì fi í ránṣẹ́ sí. Mo to gbogbo ohun tó wà nínú ìrù lẹ́tà wọn lẹ́sẹẹsẹ. Mo ní àìbìkítà ló gba owó àgbàlagbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀, títí dòní mi ò rí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n fèsì lọ́jọ́ kejì: "Mo ti gbọ́. Ẹ má bínú." Mo mọ bí lẹ́tà wọ̀nyẹn á ṣe pẹ́ tó lábẹ́ ìka kan yẹn.

Láti ìgbà náà wọn kò kọ ohunkóhun mọ́. A ní àwọn ọ̀dọ́ lórí WhatsApp tó mọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa kò sí níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ náà kò sì mọ òbí ẹni tó ń ṣàìsàn. Bàbá ọ̀rẹ́ mi kan kú lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti sin ín tán kí n tó gbọ́. Nígbà Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé, irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Mo ti kọ èsì sí ẹni òwúrọ̀ yìí. Òun nìkan ni mo kọ ọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí, mo sì ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àgbà ni òun náà, ó sì dá mi lójú pé ó rò pé oore lòun ń ṣe wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, tí wọn kò tìtorí rẹ̀ dákẹ́ sí yín, kí lẹ sọ? Lẹ́tà náà ṣì wà níwájú mi, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́.