Ẹni tó ń ra òkìrìkà kò yẹ kó máa sá fún aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀

A láṣọ jù ní Òṣogbo yìí, ẹ má bínú sí mi. Wọ́dúróòbù ò ṣeé tì mọ́, àpótí kún dẹ́nu, Ghana-Must-Go wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, síbẹ̀ bí wọ́n bá ní òde wà ní Sátidé, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "mi ò ní aṣọ tí mo lè wọ̀." Ọjà Ọba ló kàn. Èrò tèmi ni pé kí á tó ná kọ́bọ̀, kí á kọ́kọ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ wa jọ, kí oníkálukú kó èyí tó ti sú u wá, kí á pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ara wa.

Aṣọ ẹbí ló kó wa sí gbogbo èyí. Ṣọ́ọ̀ṣì mú ánkárá fún ìkórè, ọ̀gá níbi iṣẹ́ mú léèsì fún ìsìnkú ìyá rẹ̀, ẹgbẹ́ àsàlátù náà mú tiwọn. Bí o ò bá rà á, wọ́n á ní o ò ṣe tàwọn. O rà á, o sanwó télọ̀, o wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, fọ́tò ti dé Facebook, ó parí! Ojú ń tì ọ́ láti tún un wọ̀ lọ síbi tí àwọn kan náà máa wà. Léèsì olówó iyebíye tí kò rí oòrùn ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ láyé rẹ̀.

Àmọ́ ó gba ọgbọ́n díẹ̀. Bí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó bá jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ánkárá kan náà lẹ máa kó wá, ẹ ó kàn máa wo ara yín lójú ni. Ẹ mú ọ̀rẹ́ kan láti àdúgbò, ẹ mú ọ̀kan láti ibi iṣẹ́, ẹ mú ẹni tí ẹ jọ kàwé. Aṣọ tí gbogbo ará Òkè Fíà ti mọ̀ mọ́ ọ lára, tuntun ni lójú àwọn tó wà ní Dada Estate. Irú kan náà sì níbi tó ti wúlò o. Bí ẹni méjì bá rán ánkárá kan náà, tí ọ̀kan ò fẹ́ tirẹ̀ mọ́, ẹnì kejì lè fi ìró yẹn rán aṣọ fún àwọn ọmọ, kí ìyá àti ọmọ jọ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ọdún.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń rò lọ́kàn. "Aṣọ ara mi kọ́ ni wọ́n á fi ṣe mí." Àwọn ìyá wa kọ́ wa bẹ́ẹ̀, pé ohun tó bá ti gba òógùn ara ẹni kì í ṣe ohun tí à ń fún ẹni kẹ́ni. Mi ò ní fi ẹ̀rù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, tí mi ò sọ pé kí ẹ lọ máa bá ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló wọ òkìrìkà tí à ń dù mọ́ ara wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú béèlì tuntun? Ẹni kan ní ìlú òyìnbó tí a ò mọ orúkọ rẹ̀, tó lè ti kú pàápàá. Ìjọba ka òkìrìkà mọ́ ohun tí kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè wọlé, síbẹ̀ a ń nà án sókè, a ń gbọ́n ọn, a ń ná an. A fọkàn tán òkú òyìnbó, a wá ń bẹ̀rù ẹni tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Èyí ò yé mi.

Àwọn mìíràn á tún gbé òwe wá: àgbàbọ̀ ẹ̀wù kò yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún ni lápá, á ṣo ni lẹ́sẹ̀, rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òótọ́ ni, àmọ́ àgbàbọ̀ ló ń bá wí. Aṣọ tí o yá, o ò lè ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Èyí tí o fi tìrẹ gbà, tìrẹ ni, gbé e lọ fún télọ̀ kí ó di rẹ́gírẹ́gí.

Kí o tó gbà á ṣá, yí i padà kí o wo inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Télọ̀ gidi máa ń fi bí íǹṣì kan sílẹ̀ sínú ojú rírán lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn sì tó láti tú u kí ó gba ẹni tó sanra ju ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá ti gé e mọ́ ojú rírán gbọ̀nrin, tó fi ẹ̀rọ ká etí rẹ̀, bá a fi sílẹ̀. Wo bí ó ṣe ṣá tó pẹ̀lú. Ánkárá tí oòrùn ti mú, bí wọ́n bá tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tó fara pamọ́ sínú á dúdú ju ìta lọ, ìlà méjì á là gàràgàrà sí ìhà rẹ, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé wọ́n tú aṣọ náà ni. Èyí tí kì í dààmú ẹni ni ìró. Ìró ò mọ tẹ́ẹ́rẹ́, kò mọ sísanra.

Èyí tó bá ti ṣá ńkọ́? Ṣebí Òṣogbo ìlú aró là ń pe ìlú wa. Láyé àtijọ́, aṣọ tó bá ti pàwọ̀ dà, ọ̀dọ̀ aláró ni wọ́n ń gbé e padà sí, ó sì máa ń jáde bíi tuntun. A ò tíì sọ iṣẹ́ náà nù. Nike Davies-Okundaye dá ibùdó sílẹ̀ níbí ní 1983 tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àdìrẹ, àwọn aláró mìíràn sì wà káàkiri. Aṣọ funfun tí ọ̀pọ̀ ń wọ̀ lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, tó bá ti ń pọ́n lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á láró. Òwú nìkan ni kẹ́ ẹ gbé lọ o. Polyester kì í mu ẹ̀lú. Kí ẹni tó bá sì gbà á máa dá fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kó sá a síbi tí oòrùn ò ti pọ̀.

Ìyókù ò le. Fọ̀ ọ́ kí o tó gbé e wá. Má gbé àwọ̀tẹ́lẹ̀ wá. Bí tìrẹ bá jẹ́ léèsì, tí tẹnì kejì jẹ́ ánkárá, kí ó fi gèlè tàbí owó díẹ̀ lé e, ẹ sọ ọ́ tán níbẹ̀.

Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ gan-an ni ẹnu. O ti pààrọ̀ aṣọ lánàá, lónìí o rí ọ̀rẹ́ rẹ lóde, o wá ń pariwo láàárín èrò pé, "Háà! Aṣọ mi yìí mà bá ọ mu o!" Aṣọ ta ni? Ẹni tí kò bá lè pa ẹnu mọ́, kó jókòó pẹ̀lú Ghana-Must-Go rẹ̀ nílé. Mo mọ ẹni méjì tí wọ́n dẹ́kun kíkí ara wọn nítorí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ níbi ìkómọ.

Ó yá, kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ara mi. Aṣọ òkè aláwọ̀ wáìnì kan wà lọ́wọ́ mi, gèlè àti ìpèlé, wọ́n ò dọ̀tí. Ẹni tó bá ní bùbá léèsì funfun tí kò fẹ́ mọ́, kó wọ inbox mi. Mi ò gba èyí tó ti ya lábíyá o.