Bí Ògiri Ò Bá Lanu

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ṣójà ni gbogbo wa máa ń pè ní aláǹgbá nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ìjọba tiwa-n-tiwa bá délẹ̀. Kò burú. Ta ló la ògiri fún un?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn, ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962. Ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ti pín Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) sí méjì. Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, ti yọ Akíntọ́lá nípò pírémíà, ó ti fi Adégbẹ́nró síbẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni ẹnìkan fò dìde, ó ń pariwo pé iná ń jó lórí òkè, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju àga. Ẹlòmíràn gbé ọ̀pá àṣẹ, ó fẹ́ fi la orí olórí ilé. Tábìlì ló bà, ọ̀pá sì kán. Ọlọ́pàá yin tajútajú. Nígbà tó di ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ ti kéde pàjáwìrì.

Àga àti ọ̀pá yìí làwọn èèyàn máa ń rántí. Lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ ni ògiri ti là jù. Ẹjọ́ lórí yíyọ tí wọ́n yọ Akíntọ́lá dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, Adégbẹ́nró sì jàre lóṣù Karùn-ún ọdún 1963. Kí ni ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ṣe? Wọ́n tún òfin yíyọ pírémíà kọ, wọ́n ní kó ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn, ìdájọ́ bá di bébà lásán. Ẹni tó jàre tí kò rí ẹ̀tọ́ gbà, níbo ni yóò tún lọ? Nígbà tí màgòmágó ìbò wáyé lóṣù Kẹwàá 1965, ìgboro làwọn èèyàn gbà lọ. Wẹ́tíẹ̀ dé: wọ́n ń da bẹntiróòlù sílé, sára èèyàn, wọ́n ń ṣáná sí i. Lóṣù Kìn-ín-ní 1966, ṣójà wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ tiyín bá tàpá sí ìdájọ́ ni kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Ti ẹgbẹ́ kejì, ṣebí ẹnu yín kì í dákẹ́ níbẹ̀.

Ẹ sì máa wo ọwọ́ aṣòfin yín. Ní 2006, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ọ̀nà sáà kẹta fún Ọbásanjọ́, tẹlifíṣọ̀n ń gbé ìjíròrò náà jáde, kálukú ń wo sẹ́nétọ̀ rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ àgbà da àbá náà nù. Ṣùgbọ́n lóṣù Kẹta 2025, nígbà tí Ààrẹ kéde pàjáwìrì ní Rivers, òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ariwo "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni wọ́n fi dìbò. Etí wo ló lè ka ìdá méjì nínú mẹ́ta? Bí aṣòfin yín bá wá tọrọ ìbò, kẹ́ ẹ tó gba ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi í pé èwo ló pariwo lọ́jọ́ náà.