Ehoro Ṣì Wà Lára Páálí

Inú máa ń bí mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ mi níhìn-ín ní Amẹ́ríkà. Mo ń san owó gọbọi lórí oúnjẹ tí a kò fi ajílẹ̀ oníkẹ́míkà gbìn, kì í sì í ṣe pé owó pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tí ń da ṣúgà àti aró sínú oúnjẹ ọmọdé ni. Àṣé àpò wọn náà ni owó ọ̀hún ń padà sí.

Ẹ wo Annie's, iléeṣẹ́ tí ń ṣe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, tí àwòrán ehoro wà lára páálí rẹ̀. Ní ọdún 2014, General Mills, àwọn kan náà tí wọ́n ń ṣe Lucky Charms, oúnjẹ àárọ̀ ọmọdé tí ṣúgà kún inú rẹ̀, fi nǹkan bí 820 mílíọ̀nù dọ́là rà á, ehoro náà kò sì kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 2000 ni Kashi, tí ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ oníhóró, bọ́ sọ́wọ́ Kellogg, iléeṣẹ́ ńlá mìíràn. Mi ò ní kí ẹni tí ó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ má tà á o, òógùn ojú rẹ̀ ni. Ohun tí ń dùn mí ni pé orúkọ ẹni tí ó rà á kì í hàn níwájú páálí. Oko àti òdòdó ni wọ́n ń fi hàn wá, bí ẹni tí ó gbé ẹ̀wù olóògbé wọ̀ tí ó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kiri ọjà.

Nígbà tí àwọn ará California fẹ́ dìbò ní ọdún 2012 pé kí a máa kọ ọ́ sára oúnjẹ bí irúgbìn tí a yí àbùdá rẹ̀ padà bá wà nínú rẹ̀, General Mills àti Kellogg wà lára àwọn tí wọ́n náwó kí òfin náà má bàa kọjá. Kò sì kọjá. Àbí ẹ ò rí i, owó ẹni tí ó ń ra Kashi nítorí kí ó lè mọ ohun tí ó ń jẹ ni wọ́n fi ń jà kí ó má bàa mọ̀ ọ́n!

Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn olùsìn màlúù. Danone, iléeṣẹ́ ńlá ará Faransé tí ń ta wàrà, gba Horizon Organic, tí ń ta wàrà tí kò ní kẹ́míkà, ní ọdún 2017, nígbà tí ó ra WhiteWave, iléeṣẹ́ tí ó ni Horizon. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ó sọ fún oko 89 ní Maine, Vermont àti àwọn ìpínlẹ̀ àyíká wọn pé òun kò ní ra wàrà wọn mọ́ tí àdéhùn wọn bá parí. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́ta wo ilẹ̀ rẹ̀ láìfi kẹ́míkà kàn án, kí a tó gbà pé wàrà rẹ̀ mọ́, níbo ni kí ó gbé e lọ? Màlúù kò mọ àdéhùn. Láràárọ̀ ni a gbọ́dọ̀ fún wàrà rẹ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀, Danone fi oṣù mẹ́fà kún àdéhùn náà. Ní ọdún 2024, Danone ta Horizon fúnra rẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ra iléeṣẹ́, kí wọ́n sì máa tà á lọ.

Bí wọn kò bá lè jáwọ́ nínú ríra, kí wọ́n kọ orúkọ ara wọn sí iwájú páálí, kí ó sì tóbi tó ehoro yẹn.