Rédíò Gbọ́ Bràsíl, Kò Gbọ́ Láptọ́ọ̀pù

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi mọ́ pé "okùn lásán ni, ẹ ṣáà tì í bọ̀ ọ́." Rédíò tí mo fi ń gbọ́ ará Bràsíl ketekete nínú yàrá mi ní Mọ́lété, pẹ̀lú wáyà tí mo nà láti orí páànù dé ara igi máńgòrò, kò gbọ́ láptọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n jókòó ti ara wọn bí orogún tó ti bára wọn yodì. Rédíò ò kú, láptọ́ọ̀pù ò kú, èmi ni wọ́n fẹ́ pa.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí mò ń sọ: àwa tí à ń ṣe amateur radio, tí à ń fi rédíò bá ará ibòmíràn sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn ara wa, máa ń fi okùn so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà, kí software lè máa yí frequency padà fúnra ẹ̀, kó sì máa pàṣẹ fún rédíò pé ó yá, gbé e jáde. CAT ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Láti ìgbà tí FT8 ti dé lọ́dún 2017 la ti rọ́ sídìí ẹ̀, torí FT8 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fẹnu sọ. Kọ̀ǹpútà ló ń ránṣẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 15 tìrẹ, ìṣẹ́jú àáyá 15 tẹni kejì. Bí CAT bá dáa, ẹ ó gbádùn. Bí kò bá dáa ńkọ́?

Mo ṣí WSJT-X, software tí a fi ń ṣe FT8, mo wọ Settings, mo tẹ Test CAT. Bọ́tìnì yẹn dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àlàyé tó ṣe ni "Hamlib error: Communication timed out." Ta ni ò dáhùn? Ṣé okùn ni? Ṣé COM ni, ìyẹn nọ́ńbà tí Windows fún okùn náà? Ẹ gbàgbé láti tan rédíò, timed out. Iyára rédíò wà ní 4800, ti software wà ní 9600, timed out. Ẹ yan COM tí kì í ṣe tiẹ̀, timed out. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ní fún gbogbo àìsàn.

Okùn tí mo kọ́kọ́ lò, Queen Cinema ni mo ti rà á. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi sọ̀yà: "Dádì, original ni o. Ẹ fọkàn balẹ̀." Mo fọkàn balẹ̀ délé. Mo ṣí Device Manager, mo bá àmì ìkìlọ̀ yẹ́lò onígun mẹ́ta lábẹ́ Ports, Windows sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ṣíìpù inú okùn náà ti di "PHASED OUT SINCE 2012. PLEASE CONTACT YOUR SUPPLIER." Supplier wo? Èyí tó wà lábẹ́ agboòrùn tó ń ta ṣájà àti earpiece?

Ayédèrú ṣíìpù ló kún ọjà. Àwọn tó ni ojúlówó bínú, wọ́n gbé driver tuntun (software tí Windows fi ń bá ṣíìpù sọ̀rọ̀) jáde tí kì í dá ayédèrú lóhùn, Windows Update sì ń gbé e wọlé láì bi onílé. Ẹ dá driver àtijọ́ padà lówùúrọ̀, kò pẹ́ tí tuntun á tún fi gorí ẹ̀. Lọ́dún 2014, ilé-iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: driver tiwọn ń sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ayédèrú di òdo, tí okùn á fi kú pátápátá. Ariwo tí ayé pa ló jẹ́ kí wọ́n fà á sẹ́yìn. Mo gbà pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, àmọ́ ṣé èmi ni mo ṣe ayédèrú?

Ẹ̀gbọ́n kan ní Bódìjà yá mi ní okùn tiẹ̀ tó ní ṣíìpù gidi. Mo ṣí terminal, ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ ránṣẹ́ sí rédíò tààrà, mo fi "FA;" bi í pé frequency wo ló wà, rédíò dáhùn kíá pé "FA014074000;", ìyẹn 14.074 MHz. Ó gbọ́, ó sì fèsì! Mo padà sí WSJT-X, mo tẹ Test CAT, ó tún pupa. Díẹ̀ ló kù kí n ju láptọ́ọ̀pù náà sódò Ògùnpa.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó fà á. Nínú menu rédíò, tó lé ní ọgọ́rùn-ún nǹkan, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ CAT RTS. Bó bá wà ní ENABLE, rédíò ò ní fèsì àyàfi bí kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ gbé iná sórí wáyà RTS. Terminal ń gbé e fúnra ẹ̀. WSJT-X ò gbé e. Mo pa á sí DISABLE, bọ́tìnì di àwọ̀ ewé.

Ẹ má tíì bá mi yọ̀. Bí mo ṣe ní kó gbé wọ́ọ̀tì 50 jáde báyìí, iná áńtẹ́nà gba inú okùn USB wọlé, COM pòórá, rédíò sì há síbẹ̀, ó ń gbé e jáde lọ láì dáwọ́ dúró. Mo figbe ta, mo fa wáyà iná yọ. Ìyàwó mi yọjú: "Bàbá Tóbi, ṣé rédíò yìí ló máa kú ni, àbí ẹ̀yin lẹ máa kú lé e lórí?" Ferrite, òrùka dúdú tó ń dí irú iná bẹ́ẹ̀ lọ́nà, tí mo yọ lára okùn mọ́nítọ̀ àtijọ́ ló pẹ̀tù sí ìyẹn. (Ẹ má sì ti okùn náà bọ ihò USB mìíràn o, Windows lè fún yín ní COM mìíràn.)

Software mọ̀ bóyá COM ṣí tàbí kò ṣí. Ó mọ̀ bóyá ohunkóhun wọlé láti ọ̀dọ̀ rédíò. Kí ló ń fi í pamọ́ fún mi sí? Iyára mẹ́rin péré ni rédíò mi mọ̀: 4800, 9600, 19200, 38400. Kí ni ò jẹ́ kó dán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò fúnra ẹ̀, kó gbé wáyà RTS sókè, kó gbé e sílẹ̀, kó wá sọ èyí tó jẹ́? Kò ní gbà tó ìṣẹ́jú kan.

Ní ti ọmọkùnrin Queen Cinema, okùn ẹ̀ wà nínú àpò mi. Lọ́jọ́ Ajé ni mò ń bọ̀. Owó mi ni mo fẹ́ o, mi ò fẹ́ "original" mìíràn.