Ìtìjú ò ní jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà sọ òótọ́

Mo ka ìròyìn kan tí ẹnì kan ti ní wákàtí kan ti tó láti mọ̀ bóyá àgbàlagbà nílò ilé ìtọ́jú, mi ò gbà o. Ìgbà tí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, rán obìnrin kan wá ṣàyẹ̀wò irú ìtọ́jú tí màmá mi nílò ní London níbí, ó ní ṣé wọ́n ń dá wẹ̀, màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé wọ́n ń dáná, bẹ́ẹ̀ ni, torí ojú ń tì wọ́n níwájú àlejò, bẹ́ẹ̀ ìkòkò ẹ̀wà tó jóná lálẹ́ àná ṣì wà nínú síńkì! Èmi ni mo ní kí wọ́n dìde lórí àga kí obìnrin náà lè fojú ara ẹ̀ rí bó ṣe rí. Ẹ̀yin ará wa ní England, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò tí káńsù ń ṣe yẹn lábẹ́ Care Act 2014, òfin ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, iye yòówù kẹ́ ẹ ní ní báńkì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó ti àwọn òbí yín nígbà àyẹ̀wò náà, kẹ́ ẹ sọ bí òru ṣe ń rí.