Rodo nínú Indomie: ṣé ká dín in ni, àbí ká sè é?

Ìyá Mofẹ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé ìdáná. Mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́fà kọjá, ebi á sì ti máa pa ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Indomie super méjì ni mo sábà máa ń gbé kaná. Ó fẹ́ràn ata gan-an, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ tí mo bá ti gé rodo sí i, ata á wà lọ́tọ̀, omi á wà lọ́tọ̀, núdùsì á sì di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń sè é tí ata fi ń wọ̀ ọ́ lára, tí kò sì ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ? Rodo mẹ́ta àti àlùbọ́sà kan ló wà nílé. Kò sí tàtàṣé.

Bàbá Kọ́lá: Aago mẹ́fà lẹ ti ń délé? Ẹ dúpẹ́ o. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Bẹ́gà ni mo wà di aago mẹ́sàn-án lánàá.

Ẹ̀gbọ́n Fáyọ̀: Ẹ kọ́kọ́ se núdùsì fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ da omi rẹ̀ nù. Ìda tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là wà lára rẹ̀.

Àdùnní Alásè: Ìyá Mofẹ́, ẹ má fi ata sínú omi tútù. Ẹ ta òróró ṣíbí méjì sínú ìkòkò, ẹ rẹ́ àlùbọ́sà yẹn wẹ́wẹ́, kí ẹ dà á sí i. Tó bá ti ń rọ̀, ẹ da rodo tí ẹ ti gé sí i, ẹ fi kọ́rì àti taimu díẹ̀ sí i, kí ẹ máa rò ó títí tí òórùn rẹ̀ á fi mú yín sín. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Ẹ ṣí fèrèsé o. Lẹ́yìn náà lẹ óò wá da omi sí i, kọ́ọ̀pù méjì fún ọ̀rá super méjì, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí omi bá hó ni núdùsì ń wọlé, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Omi gan-an ló ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Wọ́n á bu omi bí ẹni fẹ́ se ẹ̀wà, wọ́n á wá máa dúró kó gbẹ. Kó tó gbẹ, núdùsì ti rọ̀ kọjá jíjẹ.

Alàgbà Ṣakí: Kí ni ọmọ ọdún mọ́kànlá ń wá nínú okùn? Ẹ ro àmàlà fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ló ń gbà.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà: Alàgbà, ọbẹ̀ ńkọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan náà ni gbẹ̀gìrì ń gbà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin tí ẹ ń dín ata yìí, ẹ ń ba Indomie jẹ́. Ó kàn máa dà bí jọ̀lọ́ọ̀fù tí kò ní ìrẹsì ni. Omi ata ni adùn rẹ̀. Ẹ gún rodo pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, ẹ dà á sínú omi, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa, kí magí inú ọ̀rá wọ̀ ọ́, kí núdùsì tó wọlé. Èèyàn á jẹ ẹ́ tán, á gbé abọ́ sókè, á mu omi rẹ̀, á làágùn. Bí màmá mi ṣe ń sè é fún wa nìyẹn.

Àdùnní Alásè: Oró ata kì í yọ́ sínú omi dáadáa, inú òróró ló ń yọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ata bá ta èèyàn lẹ́nu, tó mu omi tútù, tí kò ní rọlẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá mu mílíìkì, á rọlẹ̀, torí purotéènì àti ọ̀rá tó wà nínú mílíìkì. Tí ẹ bá sè é nínú omi lásán, ibi tí rodo bá ti bọ́ sí èèyàn lẹ́nu nìkan ló máa ta, ibi tó kù á tẹ́. Ohun tí Ìyá Mofẹ́ ń sọ gan-an nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: O kàn ń sọ gírámà ni. Núdùsì fúnra rẹ̀ ní òróró lára, wọ́n ti dín in kí wọ́n tó dì í sínú ọ̀rá. Òróró wo lo tún fẹ́ fi kún un?

Ẹ̀gbọ́n Fáyọ̀: ÌDA NI, KÌ Í ṢE ÒRÓRÓ. Ẹ DA OMI ÀKỌ́KỌ́ NÙ.

Túnṣé Ifẹ̀: Ẹ̀gbọ́n Fáyọ̀, ẹ má bínú sà, kò sí ìda lára rẹ̀. Momofuku Ando ló kọ́kọ́ ṣe irú núdùsì yìí jáde ní Japan ní 1958. Ó dín in nínú òróró gbígbóná, omi inú rẹ̀ gbẹ lọ, ó fi ihò tín-ín-tìn-tín sílẹ̀. Àwọn ihò yẹn ni omi gbígbóná ń gbà wọlé tó fi ń jinná kíákíá. Ohun tó ń léfòó tí ẹ̀ ń pè ní ìda, òróró tí wọ́n fi dín in ni. Tó bá jẹ́ iyọ̀ lẹ ń sá fún, ìyẹn ní ìdí. Inú ọ̀rá magí ni iyọ̀ pọ̀ sí, ẹ lo ìdajì rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5.

Ẹ̀gbọ́n Fáyọ̀: Ṣé Momofuku ló ń dáná nílé mi? Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń da omi yẹn nù, ara mi le koko.

Bàbá Kọ́lá: Momofúkù. Ó dà bí oríkì.

Àdùnní Alásè: Ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣé èmi lẹ kọ "o kàn ń sọ" sí? Láti òkè ni mo ti ń fi "ẹ" bá yín sọ̀rọ̀. Ìgbà wo la jọ ṣeré?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Àwòrán ìkòkò lẹ fi ṣojú ara yín níbí. Báwo ni mo ṣe máa mọ ọjọ́ orí ìkòkò?

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà: Háà! Ọjọ́ orí ìkòkò! Ẹ̀rín ti jẹ́ kí n jó ẹ̀bà mi mọ́ ìdí ìkòkò o.

Bàbá Kọ́lá: Ìyá Ìbejì, ẹ̀bà kì í jó. Omi ni wọ́n ń dà sí gàrí.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà: Èmi máa ń rò ó lórí iná. Ẹ fi mí sílẹ̀.

Àdùnní Alásè: Ọdún tí wọ́n yí àwọ̀ owó náírà padà ni wọ́n bí mi. Ẹ ṣírò rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: 1984 nìyẹn. 1982 ni wọ́n bí èmi. Ta ló wá yẹ kó máa fi "ẹ" bá ẹnì kejì rẹ̀?

Alàgbà Ṣakí: Ó parí.

Àdùnní Alásè: Kò tíì parí, sà. Ó ní màmá òun ń sè é fún àwọn ní kékeré. Ọmọ 1982! Ọdún wo ni Indomie wọ Nàìjíríà?

Túnṣé Ifẹ̀: 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó o wọlé láti òkè òkun. 1995 ni ilé iṣẹ́ tó wà l'Ọ̀tà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níbí.

Àdùnní Alásè: Ẹ rí i bí? Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá kó tó di pé Ọ̀tà ń ṣe é. Ilé wo ló ń ra èyí tó ń ti òkè òkun bọ̀ nígbà yẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ilé wa. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Páálí páálí ló ń gbé e wálé. Ẹ má fi oúnjẹ tí mo jẹ nílé bàbá mi dù mí.

Ìyá Mofẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, mo ti gé rodo náà, ọwọ́ mi ń ta mí bí iná. Mo sì ti fi pa ojú. Kí ni kí n ṣe?

Túnṣé Ifẹ̀: Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ojú yín léraléra, mà, ẹ má fi ọwọ́ pa á mọ́. Ẹ wá fi òróró pa ọwọ́, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi nìkan kò ní gbé e kúrò.

Àdùnní Alásè: Òróró! Ẹ jẹ́ kí Ọmọ Ìjẹ̀bú ka èyí tí Túnṣé kọ yìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ọwọ́ kọ́ là ń jẹ, Àdùnní. Mo sì ti ń pè yín ní orúkọ báyìí, torí mo fi ọdún méjì jù yín lọ.

Àdùnní Alásè: Ẹ pe àǹtí mọ́ ọn. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ wo àwọn máìṣáì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lálẹ́. Wọn kì í dín ata sílẹ̀ de omi, wọn kì í sì í sè é sínú omi. Wọ́n á po ẹyin méjì pọ̀ mọ́ rodo àti àlùbọ́sà nínú kọ́ọ̀pù, wọ́n á fi ṣíbí lù ú wàràwàrà, wọ́n á dà á lé núdùsì tó ti jinná lórí nínú páànù, wọ́n á máa yí i. Ẹyin ló ń di ata mú. Gbogbo ẹnu tí o bá bù, ata wà níbẹ̀. Mo ti jẹ ẹ́ tó kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Fáyọ̀: Àwọn máìṣáì náà ń da omi àkọ́kọ́ nù. Mo ti fi ojú mi rí i.

Màmá Peckham: Ẹ kú àríyànjiyàn o. Ata wo lẹ̀ ń pariwo rẹ̀? Ọmọ mi ń jẹ Buldak, núdùsì aláta ti àwọn ará Kòríà. Mo fi ẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, omi ń dà lójú mi bíi ti ẹni tó ń sunkún òkú, èmi tí mo ń fi ata wẹẹrẹ jẹun. Ní oṣù kẹfà 2024, ìjọba Dẹ́nmáàkì ní kí wọ́n kó oríṣi mẹ́ta nínú rẹ̀ kúrò lórí àtẹ, nítorí oró ata rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n gba méjì padà, èyí tó ta jù ni wọn ò gbà.

Alàgbà Ṣakí: Ìjọba tó ń ka ata. Ìyẹn ni pé wọ́n ráyè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Màmá Peckham, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n máa ń dín ata ti Buldak yẹn, àbí wọ́n ń sè é sínú omi?

Màmá Peckham: Ọ̀rá ọbẹ̀ ata pupa kan ló ń wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi máa ń se núdùsì, á da omi nù, á ku díẹ̀, á wá da ọbẹ̀ yẹn sí i, á máa dín in lórí iná.

Àdùnní Alásè: Á MÁA DÍN IN. Ẹ ṣeun, mà.

Ẹ̀gbọ́n Fáyọ̀: Á DA OMI NÙ. Ẹ ṣeun, mà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Á ku díẹ̀, ó ní. Omi tó kù yẹn ni mò ń sọ láti àárọ̀.

Bàbá Kọ́lá: Ta ló dárúkọ Dẹ́nmáàkì? Àbúrò ìyàwó mi wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà: Ṣé ó ń rí rodo rà níbẹ̀?

Bàbá Kọ́lá: Ẹ jẹ́ kí n bi í. Kò tíì sùn.

Ẹ̀gbọ́n Fáyọ̀: Ẹ bá mi bi í bóyá wọ́n ń da omi àkọ́kọ́ nù.